Díìsìkì Bíréèkì Iwájú àti Gíríìsì Inú Bíárìn: Iṣẹ́ Méjì Tí Wọ́n Ń Lù Pọ̀

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó bá tẹ bíréèkì á gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé díìsìkì iwájú ti jẹ, kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi kún un pé níwọ̀n ìgbà tó ti máa tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, kó kúkú fọ bíárìn, kó sì fi gíríìsì tuntun sí i. Ẹnì kẹta á ní irọ́ ni, pé bíárìn òde òní kì í gba gíríìsì mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè jàre, nítorí ọkọ̀ tí kálukú wọn ní lọ́kàn yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n lù pọ̀. Lára ọkọ̀ kan, ẹ ò lè ṣe ọ̀kan kí ẹ má ṣe èkejì. Lára òmíràn, iṣẹ́ kejì yẹn ò tiẹ̀ sí.

Ohun tó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣe àìlágbára. Wọn ò mọ irú èyí tó wà lára ọkọ̀ wọn, wọ́n sì máa ń fún nọ́ọ̀tì kan jù nítorí wọ́n rò pé bó bá ṣe le tó ni ààbò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é nílé, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ tú kó tó mú sípánà.

## Kí ni díìsìkì, kí sì ni bíárìn?

Díìsìkì bíréèkì, tí àwọn kan ń pè ní rótọ̀, ni àwo irin róbótó tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Kálípà ni irin tó há a láàárín, tó di páàdì méjì mú, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì bíréèkì á ti písítìn tó wà nínú kálípà, písítìn á ti páàdì, páàdì méjèèjì á sì fún díìsìkì mọ́ra. Ẹni tó bá ti wo bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere rí, tí rọ́bà méjì ń fún ríìmù lọ́tùn-ún lósì, ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ronú kàn án. Frederick Lanchester gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì oní-díìsìkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1902. Ní ọdún 1953, ọkọ̀ Jaguar tó lo díìsìkì gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìdíje Le Mans nílẹ̀ Faransé, ọdún méjì lẹ́yìn náà sì ni Citroën gbé ọkọ̀ DS jáde pẹ̀lú díìsìkì ní ẹsẹ̀ iwájú.

Iṣẹ́ díìsìkì ni láti sọ eré ọkọ̀ di ooru. Ẹ mú ọkọ̀ tó wọn kìlógíráàmù 1,500, tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Tó bá dúró pátápátá lẹ́ẹ̀kan, ooru tó wọ inú bíréèkì rẹ̀ tó láti mú omi tútù lítà kan ààbọ̀ hó, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí pé ìwúwo ọkọ̀ máa ń rọ́ síwájú tí ẹ bá ti tẹ bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí díìsìkì iwájú fi máa ń nípọn ju ti ẹ̀yìn lọ, tó sì sábà máa ń ní ihò láàárín kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Bíárìn ní tirẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú dídá ọkọ̀ dúró. Òun ló wà láàárín ẹsẹ̀ tó ń yí àti ọ̀pá irin tí kì í yí, kí irin má bàa máa ha irin. Èyí tí ọ̀rọ̀ gíríìsì kàn ni bíárìn tí àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀ rí gbọọrọ, tí ìdí wọn tóbi ju orí wọn lọ, tí wọ́n sì dà gẹ̀rẹ́. Henry Timken, tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1898. Ìdí tó fi dà gẹ̀rẹ́ ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í gbé ìwúwo láti òkè nìkan. Tí ọkọ̀ bá ya kọ́nà, ìwúwo yẹn tún máa ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, bíárìn yìí sì lè fara da méjèèjì. Méjì ni wọ́n máa ń wà nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn orí irin tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́: ńlá lápá inú, kékeré lápá òde, wọ́n sì dojú kọ ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yí nínú òrùka irin dídán kan tí wọ́n gbá mọ́ inú họ́ọ̀bù. Kọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pe òrùka náà.

## Irú èwo ló wà lára ọkọ̀ yín?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú owó níná.

Irú kìn-ín-ní ni èyí tí díìsìkì àti họ́ọ̀bù jẹ́ irin kan ṣoṣo, tí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí, àti lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké ìgbà náà. Inú ikùn díìsìkì yẹn gan-an ni bíárìn méjèèjì wà. Kò sí bí ẹ ṣe máa yọ díìsìkì láìtú nọ́ọ̀tì àárín, láìyọ bíárìn, kí gíríìsì sì yí yín lọ́wọ́. Níbí, iṣẹ́ méjèèjì ti di ọ̀kan.

Irú kejì ló pọ̀ jù lára ọkọ̀ òde òní. Díìsìkì dá wà lọ́tọ̀, ẹ kàn máa fà á yọ lójú họ́ọ̀bù ni. Bíárìn wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi gíríìsì sí i, wọ́n sì ti sé e pa. Kò síbi tí ẹ máa gbà fi gíríìsì tuntun sí i, kò sì béèrè fún un. Ẹni tó bá fipá ṣí i nítorí àtifi gíríìsì sí i, ohun tó dára ló ń bà jẹ́. Tí bíárìn irú èyí bá ti ń pariwo, odidi rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀.

Tí ẹ bá ti yọ táyà, ẹ wo àárín gbùngbùn. Tí ẹ bá rí nọ́ọ̀tì ńlá kan lórí ọ̀pá tó gba inú họ́ọ̀bù jáde wá láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, irú kejì ni. Tó bá jẹ́ ìdérí irin kékeré kan lẹ bá níbẹ̀, tí ẹ ṣí i, tí ẹ rí nọ́ọ̀tì kan tí wọ́n fi pínnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì há, tí bíárìn kékeré sì hàn lẹ́yìn rẹ̀ nínú gíríìsì, irú kìn-ín-ní ni. Ìdérí nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí àwọn ọkọ̀ kan wà tí ìdérí náà wà lójú wọn, tó sì jẹ́ bíárìn tí wọ́n sé pa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá ló máa fòpin sí iyèméjì. Àwọn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́, tí wọ́n ní nọ́ọ̀tì méjì àti ohun tó ń há wọn láàárín, ní ìlànà tiwọn. Ẹ má fi èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ṣe wọ́n.

## Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé díìsìkì ti tó pààrọ̀?

Wọ́n máa ń kọ MIN TH àti iye kan ní mìlímítà sára díìsìkì fúnra rẹ̀, létí tàbí lápá àárín. Ìyẹn ni pé tó bá ti fẹ́lẹ́ jù báyìí lọ, kó kúrò lára ọkọ̀. Díìsìkì tó nípọn mìlímítà 22 ní tuntun, bí àpẹẹrẹ, lè ní 20 gẹ́gẹ́ bí òpin tirẹ̀. Inú ibi tí páàdì ti ń fọwọ́ kàn án ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Etí tí páàdì kì í dé kò jẹ, ó máa ń yọ gegele, ohun ìwọ̀n tó bá sì jókòó lé e á pa irọ́ fún yín. Díìsìkì tó bá ti sán, tàbí tí ojú rẹ̀ ní ojú-ọ̀nà jíjìn tí èékánná ń há sí, kò sí ìwọ̀n tó lè gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀n ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Tí ìtọ́kọ̀ bá ti ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, wọ́n á ní díìsìkì ti tẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tẹ̀ rárá. Ibì kan lára rẹ̀ ló nípọn ju ibòmíràn lọ, ìyàtọ̀ mìlímítà 0.02 péré sì lè tó kí ẹsẹ̀ tó wà lórí bíréèkì máa mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe ń dé bẹ́ẹ̀? Tí ìpáàrà tàbí ìdọ̀tí bá wà lójú họ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n ń gbé díìsìkì sí i, díìsìkì náà kò ní jókòó dáadáa. Bó bá ti ń yí, apá kan rẹ̀ á máa fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa kan páàdì níbì kan náà ní gbogbo ìgbà, kódà tí ẹ ò tẹ bíréèkì. Ibẹ̀ á wá máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ìgbọ̀n á fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó pààrọ̀ díìsìkì láìfọ ojú họ́ọ̀bù fi máa ń bá ìgbọ̀n kan náà pàdé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí á sì máa di ẹ̀bi náà ru ẹni tó ta díìsìkì fún un.

Bíárìn tó ti ń gbó máa ń sọ tirẹ̀ lọ́nà míì. Á máa kùn, ìkùn náà á máa pọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, á sì yí ohùn padà tí ẹ bá ya kọ́nà. Tí ọkọ̀ bá wà lókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Tó bá ń ṣe kọ́ kọ́ lọ́wọ́ yín, ó ti tú tàbí ó ti jẹ.

## Ohun tí ẹ máa nílò

Jáàkì tó dára, àti sítáǹdì irin méjì tó lè gbé ìwúwo ọkọ̀ yín. Sípánà tó ń ka ipá. Òòlù àti búlọ́ọ̀kù igi. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà fún ìpáàrà. Wáyà líle kan tí ẹ máa fi gbé kálípà kọ́. Omi ìfọ̀ bíréèkì, èyí tó ń gbẹ láìfi òróró sílẹ̀. Díìsìkì méjì àti páàdì tuntun fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ má ṣe é fún ẹsẹ̀ kan nìkan, nítorí ọkọ̀ á máa fà sápá kan tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Fún irú kìn-ín-ní, ẹ fi síìlì tuntun (òrùka tó ń dí gíríìsì mọ́ inú họ́ọ̀bù), pínnì tuntun àti gíríìsì bíárìn kún un.

Ẹ ka ara ike gíríìsì kí ẹ tó san owó rẹ̀. Èyí tó bá ní lẹ́tà GC lára, bíi GC-LB, wà fún bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nọ́ńbà 2 tí wọ́n sábà máa ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ NLGI, ìyẹn àjọ tó ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún gíríìsì, ń sọ bó ṣe ki tó. Gíríìsì lásán tí ẹnì kan kó sínú agolo láìsí orúkọ kò yẹ ní ibi tí ooru bíréèkì ń dé.

## Gbígbé ọkọ̀ sókè

Ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni kí ẹ lò. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ há àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Tó bá ti gbéra, ẹ ti sítáǹdì sábẹ́ ibi tí ìwé ọkọ̀ ní kí ẹ tì í sí, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lé sítáǹdì, kí ẹ sì fọwọ́ mì ín dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni kó ọwọ́ tàbí orí sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé nìkan. Síìlì inú rẹ̀ lè bẹ́ láìsí àmì kankan tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀ lásìkò yẹn kò ní rí àyè sá.

Ẹsẹ̀ kan ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ẹ ò tíì tú lẹ máa máa wò tí ẹ bá gbàgbé bí nǹkan ṣe tò.

## Yíyọ kálípà àti díìsìkì

Ẹrùpẹ̀ dúdú tó wà lára bíréèkì kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró fẹ́. Páàdì àtijọ́ míì ní asbestos nínú. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Omi ìfọ̀ bíréèkì ni kí ẹ fi rin ín kí ẹ tó nù ún.

Kí ẹ tó ti písítìn wọlé, ẹ ṣí ìdérí ike ọ́ìlì bíréèkì, kí ẹ wo ibi tó dé. Bí písítìn bá ti ń wọlé, ọ́ìlì á máa gòkè. Tó bá ti kún tẹ́lẹ̀, ẹ fà díẹ̀ kúrò, nítorí pé tó bá dà sára ọkọ̀, á jẹ ọ̀dà rẹ̀. Ẹ fi páàdì àtijọ́ tẹ́ ojú písítìn, kí ẹ rọra fún un wọlé ní tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú bóòtì kálípà, kí ẹ fi wáyà gbé e kọ́ sára irin kan lókè. Ẹ má jẹ́ kó fi rọ́bà tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà wọ inú rẹ̀ rọ̀. Rọ́bà yẹn lè ya nínú láìhàn lójú, ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì gidi ló sì máa bẹ́.

Lára irú kejì, díìsìkì lè ti dógùn-ún mọ́ họ́ọ̀bù. Tó bá ní ihò kéékèèké méjì tí bóòtì lè wọ̀, ẹ fi bóòtì tó bá a mu tì í jáde níbẹ̀, kí ẹ máa fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá sí, òòlù ni. Tó bá ti bọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ ojú họ́ọ̀bù títí irin á fi hàn, ní pàtàkì lẹ́bàá bóòtì kọ̀ọ̀kan níbi tí ìpáàrà ti máa ń sá pamọ́. Mi ò lè tẹnu mọ́ èyí tó bó ṣe yẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbí ló ń pinnu bóyá ìgbọ̀n á padà wá. Díìsìkì tuntun ní òróró lára tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Ẹ fi omi ìfọ̀ bíréèkì fọ̀ ọ́ kúrò lójú méjèèjì kí ẹ tó gbé e sí i.

Ẹni tó bá ní irú kejì lè fo ìpín méjì tó tẹ̀lé e yìí, àfi ìkìlọ̀ kan nípa nọ́ọ̀tì àárín tí màá fi sí ìparí ìpín kejì.

## Fífọ bíárìn àti fífi gíríìsì sí i

Ẹ ṣí ìdérí àárín, ẹ yọ pínnì, ẹ tú nọ́ọ̀tì, kí ẹ wá fà díìsìkì díẹ̀ sí yín. Bíárìn kékeré àti wọ́ṣà á jáde. Ẹ gbé wọn sórí aṣọ mímọ́. Tí ẹ bá fà á yọ tán, bíárìn ńlá ṣì wà lẹ́yìn, síìlì ló dí i mọ́ inú. Síìlì yẹn máa bàjẹ́ bí ẹ bá ṣe ń hú u, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí tuntun lẹ máa fi sí i.

Ohun kan rèé tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Díìsìkì tuntun irú kìn-ín-ní sábà máa ń ní kọ́ọ̀pù tuntun nínú rẹ̀. Bíárìn àtijọ́ ti bá kọ́ọ̀pù àtijọ́ gbó pọ̀, ojú wọn ti mọ ara wọn. Ẹ má kó bíárìn àtijọ́ sínú kọ́ọ̀pù tuntun. Ẹ ra bíárìn tuntun tó bá kọ́ọ̀pù náà mu. Tó bá jẹ́ pé díìsìkì àtijọ́ lẹ ń dá padà, tí ẹ kàn fẹ́ pààrọ̀ gíríìsì, bíárìn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà sínú kọ́ọ̀pù tó ti jáde, nítorí náà, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ẹ fọ bíárìn àtijọ́ títí gíríìsì dúdú á fi tán pátá, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ atẹ́gùn yí i. Bíárìn tí kò ní gíríìsì, tí atẹ́gùn ń yí, lè tú ká, kí irin inú rẹ̀ fò bá èèyàn lójú. Ẹ wá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Irin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa dán láìlábùkù. Tí ẹ bá rí ihò kéékèèké, tàbí àwọ̀ búlúù tí ooru fi sílẹ̀, tàbí ojú kọ́ọ̀pù tó ní ilà-ilà bí irin ṣe jókòó lé e, ìgbà rẹ̀ ti tán. Bíárìn àti kọ́ọ̀pù rẹ̀ ni kí ẹ jọ pààrọ̀.

Bíárìn tuntun pàápàá gbọ́dọ̀ gba gíríìsì. Òróró tó wà lára rẹ̀ nínú páálí wà kó má bàa dógùn-ún ni, kì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè fi rìn. Ẹni tó gbé e sí i bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ gbọ́ ariwo.

Bí wọ́n ṣe ń fi gíríìsì kún inú rẹ̀ nìyí. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ bu gíríìsì lé àtẹ́lẹwọ́. Ẹ di bíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì, kí apá rẹ̀ tó tóbi kọjú sísàlẹ̀. Ẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́ gíríìsì, kí ẹ fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lórí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ tún un ṣe lójú ibì kan náà títí gíríìsì tuntun á fi yọ sókè láàárín àwọn irin, ní apá tó kéré. Ẹ wá yí bíárìn díẹ̀ kí ẹ ṣe ibi tó kàn, títí ẹ ó fi yí i po. Gíríìsì tí wọ́n kàn fi pa ara rẹ̀ kò dé ibi tí iṣẹ́ wà. Inú ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fi díẹ̀ pa ojú kọ́ọ̀pù, kí ẹ fi díẹ̀ sí ògiri inú họ́ọ̀bù kó lè dí gíríìsì bíárìn lọ́wọ́ sísàn lọ. Ẹ má kún inú họ́ọ̀bù bámú. Gíríìsì tó pọ̀ jù kì í rí àyè nígbà tí ooru bá dé, síìlì ló máa tì jáde, ojú díìsìkì àti páàdì ni yóò sì dà sí. Ẹ má da gíríìsì tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́ tí ẹ ò mọ irú rẹ̀. Àwọn irú kan wà tí kì í bá ara wọn rẹ́, tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á yọ́ di omi.

Bíárìn ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọ inú họ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà síìlì. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù igi lé síìlì lórí, kí ẹ máa gbá a yípo díẹ̀díẹ̀ títí á fi tẹ́jú pẹ̀lú etí họ́ọ̀bù. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ètè rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé díìsìkì padà sórí ọ̀pá, ẹ gbé e ní tààrà, kí ètè síìlì má bàa fara gbún ojú ọ̀nà nọ́ọ̀tì.

## Nọ́ọ̀tì àárín: ẹ má fún un bí ẹ ṣe ń fún àwọn tó kù

Ibí ni iṣẹ́ tó dára ti ń bàjẹ́. Gbogbo bóòtì tó wà lára bíréèkì ló fẹ́ kí wọ́n fún òun dáadáa. Nọ́ọ̀tì yìí nìkan ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bí bíárìn méjèèjì ṣe máa sún mọ́ ara wọn tó. Bí wọ́n bá gbóná, wọ́n á wú, wọ́n sì nílò àyè díẹ̀. Tí ẹ bá fún un pa, àyè yẹn ò sí mọ́. Gíríìsì á yọ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, bíárìn lè lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, nígbà míì á sì ba ọ̀pá náà jẹ́. Tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ tú jù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa mì, díìsìkì á máa ti páàdì sẹ́yìn, ẹ ó sì rí i pé bíréèkì ń wọlé jìnnà kó tó mú.

Ẹ gbé bíárìn kékeré, wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì sí i. Ẹ fi ọwọ́ kan máa yí díìsìkì nìṣó, kí ẹ fi èkejì fún nọ́ọ̀tì. Ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ iye rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó máa ń wà láàárín Newton-mita 15 sí 30 (Newton-mita ni ìwọ̀n ipá tí sípánà tó ń ka ipá ń kà). Yíyí yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń jẹ́ kí irin kọ̀ọ̀kan jókòó sí àyè rẹ̀, kí gíríìsì tó há sẹ́yìn rẹ̀ sì kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì pátápátá. Ẹ wá fi ìka lásán yí i padà, láìlo sípánà, títí á fi kan wọ́ṣà. Ibẹ̀ ni kó dúró. Tí ihò pínnì kò bá bá ojú nọ́ọ̀tì mu, ẹ dẹ ẹ́ díẹ̀ títí á fi bá a mu. Ẹ má fún un sí i.

Ẹ wá di díìsìkì mú, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á. Àyè tín-ń-tín tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà láàárín mìlímítà 0.03 sí 0.13 lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ lè má tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣe kọ́. Pínnì tuntun ni kí ẹ fi há a, kí ẹ ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì gbá ìdérí padà.

Ìkìlọ̀ tí mo ní màá ṣe rèé. Lára ọkọ̀ irú kejì, nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lórí ọ̀pá àárín yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ẹ ò nílò láti tú u kí díìsìkì tó jáde. Tó bá sì di dandan kí ẹ tú u, ipá ńlá ni wọ́n fi ń fún un padà, ó lè ju Newton-mita 200 lọ. Ẹni tó bá fi ìlànà ìka lásán ṣe é, ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tó bá sì fi ipá tọ̀hún fún nọ́ọ̀tì irú kìn-ín-ní, bíárìn rẹ̀ kò ní pẹ́ jóná. Àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan náà ni nọ́ọ̀tì méjèèjì ń jókòó sí, ṣùgbọ́n òfin wọn takora.

## Dídá kálípà padà

Ẹ fọ ibi tí páàdì ti ń rìn, kí ẹ fi gíríìsì sílíkóònù díẹ̀ sí irin tí kálípà fi ń sún lọ sún bọ̀. Ẹ má fi gíríìsì bíárìn síbẹ̀, ó lè mú kí rọ́bà rẹ̀ wú. Ẹ fún bóòtì kálípà dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Tí gíríìsì bá ti ta sójú díìsìkì níbikíbi, ẹ fọ̀ ọ́ báyìí.

## Kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó wà

Ẹ wọlé, kí ẹ máa tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le lẹ́sẹ̀ yín. Písítìn tí ẹ tì wọlé ṣì wà lẹ́yìn, nítorí náà, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á wọlẹ̀ láìmú ohunkóhun. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á mọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Ẹ wo ọ́ìlì bíréèkì, kí ẹ bù kún un tó bá dín. Irú DOT (àmì tí wọ́n fi ń mọ irú ọ́ìlì bíréèkì) tí wọ́n kọ sára ìdérí ni kí ẹ lò.

Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ní ìdojúkọra, tí ẹ bá fún èyí tó wà lápá kan, kí ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i. Sípánà tó ń ka ipá ni kí ẹ lò, nítorí fífún tí kò dọ́gba tún lè mú kí díìsìkì jókòó wọ́.

Páàdì tuntun àti díìsìkì tuntun nílò kí ojú wọn mọ ara wọn. Lójú ọ̀nà tó ṣófo, ẹ sá dé nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, kí ẹ tẹ bíréèkì gírígírí títí eré á fi sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 10, láìdúró pátápátá. Ẹ tún un ṣe ní nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wà á lọ láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, kó lè tutù. Ẹ má dúró kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pa nígbà tó ṣì gbóná, nítorí páàdì máa ń fi àmì sílẹ̀ lójú díìsìkì níbi tó bá dúró sí.

Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn ìrìn-àjò tí kò ní bíréèkì púpọ̀ nínú, kí ẹni tó ní irú kìn-ín-ní fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì láìfọwọ́ kàn án. Ooru wọn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ dáadáa, nínú kí nọ́ọ̀tì àárín fún jù tàbí kí kálípà má jọ̀wọ́ páàdì, ọ̀kan ni. Ẹ gbé e sókè padà kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún rìn jìnnà. Tí ọkọ̀ bá sì ti rin kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún fi sípánà tó ń ka ipá yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ wò.